Bí Fílíìn Aláwọ̀ Eyín Ṣe Lè Pẹ́ Lẹ́nu Yín: Ìtọ́sọ́nà Fún Ará Abẹ́òkúta

Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé ihò wà lára eyín rẹ̀, pé ó yẹ kí wọ́n fi fílíìn dí i, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni "Èló ni?" Èkejì ni "Ṣé kò ní yọ?" Ti èkejì yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí òun ló máa sọ bóyá owó tí ẹ san lọ lásán tàbí kò lọ lásán.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ̀gbẹ́ dókítà eyín ni mo máa ń dúró sí lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mò ń fa itọ́ kúrò lẹ́nu aláìsàn, èmi ni mò ń di iná búlúù mú, èmi náà ni mo sì máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá dìde lórí àga. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ pẹ́ á ti rí fílíìn méjì tí dókítà kan náà ṣe: ọ̀kan lo ọdún mẹ́wàá, èkejì kò rí ọdún méjì.

Àpòpọ̀ ike àti ìyẹ̀fun gíláàsì tó kúnná ni fílíìn aláwọ̀ eyín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní composite. Ó máa ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí ihò, iná búlúù ló ń sọ ọ́ di líle. Ọgbọ́n yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 1955 ni Michael Buonocore, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé bí wọ́n bá fi ásíìdì ra ojú eyín, ike á lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ọdún 1962 ni Rafael Bowen, tí òun náà jẹ́ dókítà eyín ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ike tí ọ̀pọ̀ composite ṣì ń lò dòní.

Ní ti iye ọdún: èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa sínú ihò tí kò tóbi sábà máa ń lo ọdún 7 sí 10, ọ̀pọ̀ sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi lórí eyín ẹ̀yìn, bíi 2 nínú fílíìn 100 ló ń bàjẹ́ lọ́dún kan. Ẹ má ka èyí sí gárántì o. Ihò kékeré tó wà lórí eyín nìkan máa ń pẹ́ ju èyí tó jẹ ẹ̀gbẹ́ méjì lọ, eyín tó wà níwájú àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn máa ń gbé fílíìn pẹ́ ju àwọn eyín ńlá yẹn lọ, ẹnu tí kòkòrò ti máa ń jẹ léraléra sì máa ń pa fílíìn kíákíá.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Fílíìn kì í sábà ti àárín bàjẹ́. Etí rẹ̀ ni, níbi tí òun àti eyín ti pàdé. Kòkòrò tuntun á gba etí yẹn wọlé, tàbí kí etí fílíìn tàbí ti eyín fúnra rẹ̀ ṣẹ́. Etí yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń ṣọ́.

ÌGBÉSẸ̀ KÌN-ÍN-NÍ: Ẹ LỌ KÓ TÓ MÁA DÙN YÍN

Ihò eyín kì í dùn níbẹ̀rẹ̀. Èèpo eyín tó le, tó funfun, kò mọ ìrora. Ìgbà tí kòkòrò bá gún un dé abẹ́ ni omi tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Kòkòrò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ekòló tó ń rìn nínú eyín. Bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ni, ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀, ásíìdì ni ìgbẹ́ rẹ̀, ásíìdì yẹn ló sì ń jẹ eyín. Ẹni tó bá fi ekòló hàn yín pé òun yọ ọ́ lẹ́nu yín, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

Bí omi tútù tàbí ohun dídùn bá ta á, tí ìrora náà sì lọ lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fílíìn ṣì tó o. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti gbé omi mì, bí eyín bá ń lù kìkìkì, tó ń jí yín lóru, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ọ̀rọ̀ ti kọjá fílíìn. Iṣan inú eyín ló ti ń ṣàìsàn, ìtọ́jú gbòǹgbò eyín tàbí yíyọ ló kù. Ẹ má bẹ dókítà pé "ẹ ṣáà bá mi dí i". Eyín tí wọ́n bá dí mọ́ àìsàn, ìrora ọjọ́ kejì rẹ̀ máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ má da nǹkan kan sínú ihò náà. Omi bátìrì tí àwọn kan ń dá lábàá máa ń jó ẹran ẹnu, ó sì máa ń ba eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́. Ògógóró kì í pa kòkòrò tó ti wọ inú eyín. Ti kànáfùrù yàtọ̀ díẹ̀: lóòótọ́ ni òróró rẹ̀ máa ń dá ìrora dúró, àwọn dókítà náà ń fi irú rẹ̀ ṣe oògùn tí wọ́n ń fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ike composite le dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá ti fi kànáfùrù sí i, ẹ sọ fún wọn. Kò sí ẹni tó máa bínú sí yín. Wọ́n kàn máa fọ ibẹ̀ mọ́ dáadáa ni, tàbí kí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: IBI TÍ Ẹ MÁA LỌ

Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, àwọn ilé ìwòsàn eyín aládàáni sì wà káàkiri ìgboro. Bó bá jẹ́ ti ìjọba lẹ ń lọ, ẹ tètè jí, torí gbígba káàdì nìkan lè gba àárọ̀ yín. Ẹni tó ní ìwé adójútòfò ìlera níbi iṣẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n á san owó fílíìn fún un, àti irú fílíìn wo.

Ẹni tó máa dí eyín yín gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà eyín tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Ẹni tó ń fi góòlù sí eyín lẹ́bàá ọ̀nà kò sí nínú àwọn tí mò ń sọ.

Ẹ bi wọ́n bóyá iná wà lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Atẹ́gùn tó ń gbẹ́ eyín, tó sì ń gbẹ omi kúrò lójú rẹ̀, iná ló ń gbé e. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò tan, itọ́ á bo eyín kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÌBÉÈRÈ KÍ WỌ́N TÓ FỌWỌ́ KAN EYÍN

Ojú eyín mélòó ló kàn? Eyín ẹ̀yìn ní ojú márùn-ún: òkè tí ẹ fi ń jẹun, ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìhà ahọ́n, àti ẹ̀gbẹ́ méjì tó kan àwọn eyín tó tẹ̀ lé e. Iye ojú yìí ló ń ṣe òdiwọ̀n owó níbi púpọ̀, òun náà ló sì ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Bí ojú bá ṣe ń pọ̀ sí i ni etí ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí kòkòrò lè gbà wọlé ń pọ̀ sí i.

Ṣé ihò náà ti wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín? Èyí ni ìbéèrè tí àwọn èèyàn kì í bi, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ibi tó wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín máa ń rin, ẹ̀jẹ̀ lè jáde níbẹ̀, composite kò sì fẹ́ràn omi rárá. Ẹni tó bá ti kun ọ̀dà sára ògiri tí kò gbẹ mọ bó ṣe máa ń bó.

Kí ni ẹ máa fi dí i? Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí díẹ̀.

Fílíìn dúdú, ìyẹn amalgam, jẹ́ àpòpọ̀ fàdákà, bàbà àti irin mìíràn tí wọ́n fi mẹ́kúrì pò. Mẹ́kúrì tó bíi ìdajì rẹ̀. Kò lẹ́wà, wọ́n sì máa ń gbẹ́ eyín púpọ̀ kó tó ríbi dúró sí, ṣùgbọ́n ó lágbára, itọ́ díẹ̀ kì í sì í bà á jẹ́. Àwọn ìwádìí tó fi méjèèjì wéra lórí eyín ẹ̀yìn fi hàn pé ewu kí composite bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti amalgam, kòkòrò tó ń gba etí wọlé ló sì fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta composite lè má sọ èyí fún yín. Síbẹ̀, dúdú ti ń kógbá sílé. Nítorí mẹ́kúrì inú rẹ̀, Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, ìyẹn àdéhùn àgbáyé láti dáàbò bo èèyàn àti àyíká lọ́wọ́ mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ní 2022 àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn náà fẹnu kò pé kí wọ́n má fi dí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ti aboyún àti ti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àfi bí dókítà bá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ lọ hú èyí tó ti wà lẹ́nu yín tipẹ́ jáde. Bí etí rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni glass ionomer. Funfun ni òun náà, kò dán tó composite, kò sì lágbára tó o fún ìjẹun. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ eyín, ó ń tú fúlóráìdì, èròjà tó ń mú eyín le, sílẹ̀ lẹ́nu, omi díẹ̀ kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Eyín ọmọdé àti ihò tó wà lẹ́bàá ìdí eyín ni wọ́n sábà ń fi í dí. Ẹ béèrè orúkọ ohun tí wọ́n fi sí i, torí àwọn funfun méjèèjì jọra lójú, owó wọn kò sì jọra.

Èrò tèmi nìyí. Eyín iwájú kò ní àríyànjiyàn, composite ni. Eyín ẹ̀yìn tí ihò rẹ̀ kéré tàbí tó jẹ́ ìwọ̀nba, tó ṣeé mú gbẹ, composite náà ni, torí wọn kò ní gbẹ́ ju ibi tó ti bàjẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ihò bá tóbi tó fi jẹ́ pé ògiri eyín kan tàbí méjì ló kù, tó sì ti wọ abẹ́ ìdí eyín, ẹ má fi dandan lé e pé funfun lẹ fẹ́. Ẹ ní kí dókítà sọ ohun tí òun ì bá fi sí ẹnu ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n fi adé bo gbogbo eyín náà.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: LÓRÍ ÀGA

Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, torí ẹnu á kú fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Bí ìdí eyín yín bá máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá ń fọ eyín, ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n kọ́kọ́ bá yín ha ìdọ̀tí líle kúrò, kí ìdí eyín ríbi san. Ẹ̀jẹ̀ àti composite kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Àwọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yàn, kí wọ́n tó gbẹ́ nǹkan kan. Ìdí ni pé eyín tó bá ti gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá yan àwọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ya ẹnu sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, tó bá di ọjọ́ kejì tí itọ́ ti rin eyín padà, fílíìn nìkan ló máa funfun gbòò lẹ́nu yín. Bó bá jẹ́ eyín iwájú, ẹ ní kí wọ́n wò ó lẹ́bàá fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò. Bí wọ́n bá ní rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lu ihò sí, tí eyín nìkan á yọ orí jáde nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó, bó tilẹ̀ ń mú èèyàn bíi pé kò rí èémí mí. Òun ni ààbò tó dára jù. Níbi tí kò bá sí, òwú àti ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ ni, àti ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má pa ẹnu dé. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n yín jókòó jẹ́ẹ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, ahọ́n tí wọ́n bá gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ yọjú wò ó.

Wọ́n á wá fi ásíìdì tó ki sí i, bùlúù ló sábà máa ń jẹ́, fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Wọ́n á fi omi ṣan án, wọ́n á gbẹ omi náà. Láti ìgbà yìí lọ ni iṣẹ́ di ẹlẹgẹ́. Bí itọ́ bá kán sí ojú eyín yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe láti orí ásíìdì. Bí ẹ bá mọ̀ pé itọ́ ti dé ibẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè. Ẹ má tijú. Dókítà tó mọṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àtè, omi kan tó ń mú ike mọ́ eyín, tí iná búlúù á kàn. Lẹ́yìn náà ni composite fúnra rẹ̀, ìpele lórí ìpele. Ìpele kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju mìlímítà 2 lọ, iná á sì kàn án fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìdí méjì ló fà á. Iná kì í ríran jìnnà nínú ike. Bí wọ́n bá di gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀. Èkejì, ike yìí máa ń súnkì díẹ̀ bó bá ṣe ń le, bíi 2 sí 3 nínú 100, bó bá sì súnkì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ á ya kúrò lára eyín. Irú kan wà tí wọ́n ṣe kí ìpele rẹ̀ lè tó mìlímítà 4. Bí ihò yín bá jìn, tí ẹ sì rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná kàn án, kò burú tí ẹ bá béèrè bóyá irú yẹn ni. Ẹ má wo iná náà tààrà, ó ń ba ojú jẹ́. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa ń rí wa tí a ń gbé ike aláwọ̀ ọsàn dí i.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ eyín ni wọ́n ń dí, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, wọ́n á sì ki igi tíńtín bọ àárín òun àti ìkejì rẹ̀, kí fílíìn lè fara kan eyín tó tẹ̀ lé e, kó má sì yọ etí sínú ìdí eyín. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi òwú ìfọyín (floss) gba àárín náà kọjá. Ó yẹ kó fún díẹ̀, kó wá já wọlé. Bí ó bá kọjá fẹ̀ẹ̀ láìsí ìdíwọ́, ẹran á máa há síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jẹun. Bí òwú bá sì ń ya, etí kan yọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ẹ MÁ YÁRA DÌDE

Èyí ni ibi tí sùúrù ti máa ń tán. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ń wo aago láti ìgbà tí iná búlúù ti kú.

"Mọ́mì, ẹ fi eyín lé eyín. Ṣé kò ga?"

"Kò ga, Dókítà. Ó ti dáa. Ẹ jẹ́ n tètè máa lọ, ọmọ nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Dókítà fi bébà aláwọ̀ búlúù tín-ín-rín kan sí i, èyí tó ń fi ibi tí eyín ti kan ara wọn hàn. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́, mà. Ẹ fà á sí ọ̀tún. Ẹ fà á sí òsì." Nígbà tí Mọ́mì ya ẹnu, àmì búlúù kan ṣoṣo ló wà lórí fílíìn, kò sì sí àmì kankan lórí eyín yòókù. Ìyẹn ni pé òun nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù ẹnu. Dókítà gé e díẹ̀, ó tún fi bébà sí i, ó tún gé e. Ìgbà tó yá, àmì wà lórí eyín tọ̀tún-tòsì, Mọ́mì wá fúnra rẹ̀ sọ pé, "Hẹn ẹn, eyín mi ti pàdé ara wọn báyìí."

Ẹnu tó ti kú kì í mọ ohun tó ga. Bébà yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Fílíìn tó bá ga máa ń fọ́, tàbí kó máa dun eyín nígbà ìjẹun. Ẹ dìde jókòó dáadáa kí ẹ tó fi eyín lé eyín nígbà ìkẹyìn, torí àgbọ̀n kì í bọ́ sójú kan náà bí ẹ bá dùbúlẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́ SÍ Ọ̀SẸ̀ KEJÌ

Composite ti le kí ẹ tó kúrò lórí àga, kò dà bí dúdú tó ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan kó tó gba agbára. Ohun tí ẹ ń dúró dè ni kí ẹnu yín jí, kí ẹ má bàa bu ètè ara yín jẹ. Ẹ ṣọ́ ọmọdé gidigidi; wọ́n máa ń ka ètè tó kú sí nǹkan ìṣeré, á sì ti wú kí ẹ tó dé ilé.

Kí omi tútù ta yín díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kò ṣàjèjì, pàápàá bí ihò náà bá jìn, ó sì yẹ kó máa dín kù lójoojúmọ́. Bí ó bá ń dùn nígbà tí ẹ bá gé nǹkan jẹ, ó ṣì ga. Ẹ padà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni títún un ṣe máa gbà. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, tó ń dá wá láìjẹ́ pé ẹ jẹ nǹkan kan, ẹ padà lọ́jọ́ náà.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: OJOOJÚMỌ́

Làfún kò ṣe fílíìn ní nǹkan kan, kí ọmọ Ẹ̀gbá fọkàn balẹ̀. Eegun inú ọbẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, àti orógbó, àti kókóró tó bá le. Ẹ má fi eyín ṣí ìgò. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ń fi eyín iwájú já òwú, tí ẹ ń fi í di píìnì mú, bí fílíìn bá wà lójú eyín yẹn, etí rẹ̀ lẹ ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣúgà burú ju líle lọ, bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ léraléra sì burú ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Gbogbo ìgbà tí ohun dídùn bá kan ẹnu, ásíìdì á wà níbẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí kí itọ́ tó pa á. Ẹni tó mu ìgò mínírà kan pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan ló fìyà jẹ eyín rẹ̀. Ẹni tó gbé irú ìgò kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ní Kútọ̀, tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, kò fún eyín rẹ̀ nísinmi rárá. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Èkó pọ̀ tí wọ́n ń fi súìtì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí oorun má bàa gbé wọn. Ẹ̀gbẹ́ tí súìtì ń gbé ni fílíìn ti máa ń bàjẹ́ jù, ìdí eyín níbẹ̀ ló sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Gúgúrú tàbí ẹ̀pà á dáa ju súìtì lọ, ẹ sáà yọ èyí tí kò bẹ́ nínú gúgúrú kúrò.

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan là ń fọ eyín. Ti alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ní fílíìn, torí itọ́ máa ń dín kù lójú oorun, ohun tó bá sì há sí etí á rí gbogbo òru lò. Ẹ wo páálí ọṣẹ ìfọyín: kí fúlóráìdì rẹ̀ wà láàárín 1000 sí 1500 ppm. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tu ìfófò dànù, ẹ má fi omi yọ ẹnu, kí fúlóráìdì lè pẹ́ lójú eyín.

Orín kò burú. Orín àtà tí ẹ bá rún dáadáa ń fọ ojú eyín mọ́. Ibi tí kò lè dé ni àárín eyín sí eyín, ibẹ̀ gan-an sì ni etí fílíìn ẹ̀gbẹ́ wà. Òwú ìfọyín ló ń débẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn orín, ẹ lò ó láàárọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ oní-fúlóráìdì ṣe ti alẹ́. Igi ìtayín wà fún ẹran tó há, kì í ṣe ohun tí a ń fi gún ìdí eyín títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde.

Ẹni tó bá ń pa eyín keke lójú oorun, aya tàbí ọkọ rẹ̀ á ti sọ fún un. Kó sọ fún dókítà pẹ̀lú. Wọ́n lè ṣe ike tí á máa fi bo eyín sùn, láìsí i, kò sí fílíìn tó máa bá a kalẹ́.

Obì, kọfí, tíì àti sóbò máa ń pa fílíìn láró. Àbàwọ́n ojú rẹ̀ ṣeé dán kúrò, ẹ kò nílò tuntun nítorí ìyẹn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: ÌBẸ̀WÒ ÀTI ÀTÚNṢE

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́ẹ̀mejì bí kòkòrò bá máa ń jẹ eyín yín. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́, fọ́tò eyín (X-ray) ló ń fi abẹ́ rẹ̀ hàn, ojú kì í rí i.

Láàárín ìbẹ̀wò, àwọn àmì tó yẹ kó gbé yín lọ ni: òwú ìfọyín tó ń ya níbi tí kì í ti í ya tẹ́lẹ̀, ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, etí tí ahọ́n kàn tó mú, omi tútù tó tún ń ta yín lẹ́yìn tó ti dákẹ́, tàbí òórùn tí ò lọ láti ibì kan náà. Ìlà dúdú tín-ín-rín ní etí lásán kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti wọlé. Ó lè jẹ́ àbàwọ́n. Kí wọ́n fi irin kàn án wò, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n tó pinnu.

Bí apá kan bá ṣẹ́, ẹ béèrè pé, "Ṣé kò ṣeé lẹ̀, àbí gbogbo rẹ̀ la máa yọ?" Composite tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ bí wọ́n bá ha ojú rẹ̀ dáadáa. Bí gbogbo ìyókù bá ṣì dára, àtúnṣe ni kí ẹ mú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ fílíìn odidi ni wọ́n ń yọ eyín díẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá ti aláwọ̀ eyín, tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi tí ike parí sí àti ibi tí eyín ti bẹ̀rẹ̀. Ihò á fẹ̀ sí i, etí á gùn sí i, èyí tó tẹ̀ lé e kò sì ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n dí i, ẹ ní kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin fún yín: eyín wo ni, ojú mélòó, kí ni wọ́n fi dí i, àti ọjọ́ náà. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ìwé yẹn àti ti fọ́tò eyín bí ó bá wà. Bí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn tàbí tí dókítà yín bá ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó bá máa wo eyín náà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà á mọ ohun tó ń wò.